Ará Ìbàdàn Nínú Ọkọ̀ Kékeré

A ti sin Bàbá tán. Àwọn àlejò ti padà sí Brooklyn àti New Jersey, àga tí a yá ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹsì tó ṣẹ́ kù ti kan nínú fíríìjì. Ohun tó kù nílẹ̀ báyìí ni ọkọ̀.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe mọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi ni, kékeré, onípáànù, tí èèyàn méjì lè jókòó sí, tí ẹnì kẹta bá sì wọ̀ ọ́, kó yáa máa gbàdúrà. Ó wà ní etí adágún kan ní apá òkè New York, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ ìdí igi. Adágún náà wà lára àwọn tí ìjọba ìlú ń tọ́jú, tí omi wọn ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá sínú ẹ̀rọ omi ilé wa ní Queens. Wọn ò gba ẹ́ńjìnnì láyè lórí rẹ̀ rárá, àjẹ̀ ni kálukú fi ń wa ọkọ̀ tirẹ̀. Wọ́n sì sọ fún wa pé bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ti kú, kí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ gbà á sí orúkọ ara rẹ̀ kí ìgbà ooru tó parí. Bí kò bá sí ẹni tó gbà á, wọ́n á wá gbé e lọ.

Èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ ọmọ, èmi ni gbogbo wọn sì ń wò. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń gbé èèyàn dìde, mo ń gbé èèyàn jókòó, nígbà tí mo bá fi máa délé, bàtà bíbọ́ gan-an ti di iṣẹ́ mìíràn. Mo ní ọmọ, mo ní ọkọ, mo sì ní ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Mi ò tọrọ ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ má baà rò pé ọmọ apẹja ni bàbá mi àgbà, ọmọ Ìbàdàn pọ́nńbélé ni wọ́n. Télọ̀ ni wọ́n níbẹ̀ kí àwọn ọmọ wọn tó mú wọn wá sí America. Gbogbo ẹja tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ títí wọ́n fi kú, omi sì ń bà wọ́n lẹ́rù débi pé láti inú ilé wa ní Cambria Heights ni wọ́n ti ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, aláwọ̀ ọsàn, gbẹ̀ǹdẹ̀kù bí àpò fùlùfúlù. Wọ́n á wọ̀ ọ́ jókòó sídìí mọ́tò, wọ́n á wọ̀ ọ́ la gbogbo ojú ọ̀nà márosẹ̀ kọjá. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ ará Haiti bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá odò ti kún dé ojú títì. Ojú tì mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe dúró kẹ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́?" Wọ́n ní, "Èmi àti omi ò mọ ara wa láti kékeré. Àlejò kì í dé ilé onílé tán kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá aṣọ tó máa wọ̀."

Báwo ni irú wọn ṣe wá di ẹni tó ń dẹ ẹja? Iṣẹ́ ló fà á. Nígbà tí wọ́n dé ibí, kò sẹ́ni tó ń wá télọ̀ tó ń rán bùbá, ni wọ́n bá gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bàbá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Frank ni wọ́n ní kí wọ́n máa tọ́jú. Ó ń dá gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Frank ṣì fẹ́ láyé ni kó tún jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ kó dẹ tíráótì, ẹja kan báyìí tó ní àmì tó-tò-tó lára, tó fẹ́ràn ibú àti omi tútù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò ráyè, iṣẹ́ ti rẹ̀ wọ́n. Ni Bàbá bá ń fi ọjọ́ ìsinmi tiwọn gbé e lọ. Láti ibi tí mọ́tò bá dúró sí títí dé etí omi, ṣe ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́.

Frank ló kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n á máa wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, okùn ìwọ̀ á máa tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn nínú ibú, irin pẹlẹbẹ kan tó ń dán á máa yí lẹ́nu okùn náà bíi pé ẹja kékeré ló ń sá lọ. Bí tíráótì bá gbé e, wọn kì í fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Wọ́n á fún un lókùn díẹ̀, wọ́n á gbà á padà díẹ̀, títí á fi rẹ ẹja. Nígbà tí Frank kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí Bàbá máa gbé ọkọ̀ náà lọ. Inú bí mi sí wọn. Mo ní irú ọmọ wo ló máa ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù? Bàbá ò bú wọn. Wọ́n ní, "Ohun tó rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo jogún."

Nínú ilé, Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ bí rédíò. Wọ́n á bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn, wọ́n á bá mi jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n á pe ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní Park Hill lórí fóònù láti tún iyàn àná jà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀, ó parí. Mo bá wọn lọ nígbà mélòó kan kí n tó lọ́mọ. Mo jókòó síwájú, wọ́n ń wa ọkọ̀, omi ń lu páànù, òtútù ń mú mi, a ò sì rí ẹja kankan mú. Àjẹ̀ ti ń wúwo lọ́wọ́ wọn nígbà tí mo ní, "Bàbá, ṣé kò rẹ̀ yín ni?" Wọ́n wa ọkọ̀ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Ó ń rẹ̀ mí. Kò tíì sú mi."

Mi ò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí nígbà yẹn. Ebi ló ń pa mí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí dùn jù ni Mama Flatbush. Àbúrò Bàbá ni wọ́n, àwọn méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun ní Flatbush, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìjọba lórí gbogbo ẹbí, tòun ti kóòmù lọ́wọ́. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń pe Bàbá, fóònù á dún títí, kò ní sí ìdáhùn. Wọ́n á wá pè mí. "Bọ̀ọ̀dá mi tún ti lọ sódò? Níjọ́ wo ni wọ́n di ará odò?" Nígbà tí Bàbá bá dé, tí mo bá jíṣẹ́ fún wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò débẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Ọlọ́run nìkan ló ń rí mi pè."

Bàbá ò gba ìwàkiwà lórí omi yẹn o. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń bu omi ẹ̀rọ mu nídìí síǹkì, wọ́n á gbé ife náà sókè wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn àjò. Ẹni tó bá bá wọn lọ sádágún ò gbọ́dọ̀ tutọ́ sí i, ká má tíì sọ nǹkan mìíràn. Kọ́lá ọkọ mi ò mọ̀. Ìgbéyàwó wa ṣì tuntun nígbà náà, ó fẹ́ kí àwọn àna rí i pé ọmọ tó mọ àṣà lòun. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, ó yọ ìgò jíìnì kan jáde láti fi júbà omi kí wọ́n tó bọ́ sórí rẹ̀. Bàbá já ìgò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́yìn mọ́tò. Wọ́n ní, "Omi tí ìyàwó rẹ fi ń se oúnjẹ fún ẹ lo fẹ́ da ọtí sí. Tó o bá fẹ́ kí omi, fi ẹnu kí i." Kọ́lá dúró létí omi, ó ṣí fìlà, ó sì kí omi pé ẹ káàárọ̀ mà. Títí dòní ni mo ń fi ìyẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹja kan, torí rẹ̀ ni mo fi jókòó kọ gbogbo èyí.

Kí n tó bí Ìtùnú ọmọ mi, oyún méjì ti bọ́ lára mi. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa wọn. Lẹ́yìn ìkejì, Bàbá wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi. Wọn ò wàásù, wọn ò ní kí n má sunkún. Wọ́n kàn ń bu omi fún mi mu, ife kan ń tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí Ìtùnú wá dé, ní àkókò tí ewé igi ń pọ́n, Bàbá ní àwọn ló máa mú ẹja ìsọmọlórúkọ wá. A kì í sọ ọmọ lórúkọ láìsí ẹja nínú ẹbí wa. Oyin á wà níbẹ̀, iyọ̀ á wà, obì á wà, a ó sì fi ẹja wúre pé orí lẹja fi ń la ibú, kí ọmọ náà la ibú ayé já. Níbí, ẹja àrọ̀ gbígbẹ láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ni gbogbo èèyàn ń lò. Mama Flatbush ti ra tiwọn sílẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Omi adágún yẹn ni ìyá rẹ̀ mu tó fi bí i. Ẹja inú rẹ̀ la máa fi sọ ọ́ lórúkọ." Mama Flatbush bínú, wọ́n fi ẹja àrọ̀ wọn ta oníbàárà kan lọ́rẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, èèyàn kún pálọ̀ wa. Pásítọ̀ ti dé, tábìlì ti pé, àwo kan ló ṣófo láàárín rẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Bàbá ti jáde. A dúró títí, pásítọ̀ ń wo aago, Mama Flatbush ń wo ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, Bàbá ló wọlé nínú ẹ̀wù ọsàn wọn, ṣòkòtò wọn tutù dé orúnkún, ọwọ́ wọn méjèèjì sì ṣófo.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹja dà?" ni Mama Flatbush wí.

"Mo mú u," ni Bàbá wí. "Ó gùn tó apá mi. Mi ò mú irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo gbé e sínú àwọ̀n, tí mo dì í mú kí n yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí mi lọ́wọ́. Pupa, bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo dá a padà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Mama Flatbush ò rẹ́rìn-ín. "Ẹja la ní kẹ́ ẹ mú wá. Ìtàn lẹ̀ ń sọ fún wa."

"Ìyá ọmọ ni. Mi ò lè pa ìyá ọmọ kí n wá fi sọ ọmọ lórúkọ."

"Ẹja ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹja ni."

"Mo mọ̀ pé ẹja ni," ni Bàbá wí. Èmi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo àlejò. Mo mọ ohun tí Bàbá rí nígbà tí ẹyin yẹn bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bàbá wá bá mi, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn tó ṣì tutù kan iwájú orí ọmọ náà, wọ́n sì ní, "Orí lẹja fi ń la ibú. Ọwọ́ tó dá a padà síbú rèé. Ìwọ náà á la tìrẹ já." Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ Ìtùnú lórúkọ.

Mama Flatbush ò dárí jì wọ́n. Ní tiwọn, ẹ̀gbọ́n wọn ti dójú tì wọ́n lójú àwọn tí wọ́n fúnra wọn pè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ láìwúre fún un bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ìsọmọlórúkọ náà ò tíì pé. Tí Ìtùnú bá wúkọ́, ẹja ni. Tó bá ṣubú ní páàkì, ẹja ni. Wọn ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Tí wọ́n bá jọ wà nínú yàrá kan náà, èmi ni wọ́n ń rán. "Sọ fún bọ̀ọ̀dá mi pé ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò." Bàbá á ní, "Sọ fún àbúrò mi pé mo gbọ́." Mo ń bá wọn jíṣẹ́ bí ọmọdé, nígbà mìíràn ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn á sì rẹ̀ mí débi pé mo máa ń fẹ́ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa parí rẹ̀. Àgbà lẹ̀ ń wò yẹn, wọ́n máa parí rẹ̀ tó bá yá.

Bàbá kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́. Orí àga wọn ni, okùn ìwọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe ṣì wà lórí itan wọn. Mama Flatbush dé, wọ́n wo ojú ẹ̀gbọ́n wọn títí, wọ́n sì tún kọ́là ẹ̀wù Bàbá ṣe. Wọn ò sunkún nílé, wọn ò sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sunkún níbi sàréè. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọkàn wọn le. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo rò pé kò sẹ́ni tí wọ́n lè rán níṣẹ́ sí Bàbá mọ́ ni.

Ìgbà ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí Mama Flatbush pè mí láti ṣọ́ọ̀bù wọn. "Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

Mo ní ìjọba máa tó wá gbé e lọ, pé mo fẹ́ lọ tú ṣéènì rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

"Yà kó o wá gbé mi."

Ọjọ́ Sátidé ni èrò máa ń pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Síbẹ̀ mo lọ gbé wọn. Wọ́n jáde sí mi pẹ̀lú wíìgì wọn tó dára jù àti ẹ̀wù ọsàn Bàbá lórí àǹkárá. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n gbé e nílé wa. Wọ́n wọ̀ ọ́ láti Flatbush lọ.

Nígbà tí a dé etí adágún, èmi àti wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ̀ yẹn kí a tó rí i yí padà, ẹ̀yìn mi ń ké, tiwọn náà ń ké. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ṣéènì dání láti kàn ṣí i kí n sì máa lọ. Mama Flatbush ní, "Ṣé páànù ni mo wá wò? Gbé mi sínú ẹ̀." Mo mú àjẹ̀, àwọ̀n àti ọ̀pá ìwọ̀ Bàbá tó wà lábẹ́ ọkọ̀, mo tú ṣéènì, mo ti ọkọ̀ sómi, mo sì gbé wọn sínú rẹ̀ bí mo ṣe ń gbé àwọn arúgbó níbi iṣẹ́. Mo ju okùn ìwọ̀ Bàbá sí omi, mo fún wọn ní ọ̀pá ìwọ̀ náà dì mú, mo sì ń wa ọkọ̀.

Wọn ò sọ̀rọ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìgbà tí apá ti ń ro mí, wọ́n ní, "Níbo ni wọ́n ti mú u?"

Mo mọ èyí tí wọ́n ń bèèrè. "Mi ò mọ̀, Mama. Gbogbo omi ló jọra lójú mi."

Wọ́n ń wo omi náà káàkiri. Ibi tí wọ́n ti ń wò ó ni ọ̀pá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má fà á, kí wọ́n fún un díẹ̀, kí wọ́n gbà á díẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wíìgì ń yí lórí wọn, wọ́n ń mí gúlegúle, títí ó fi rẹ ẹja náà, tí mo sì fi àwọ̀n gbé e. Tíráótì ni, kò tóbi púpọ̀. Mo dì í mú láti yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Dúró," ni Mama Flatbush wí. "Yẹ ikùn ẹ̀ wò ná."

Mo wo ojú wọn. Omi ti ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì nù ún. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ikùn ẹja náà jẹ́jẹ́. Ó kún díẹ̀, ó sì rọ̀. Nǹkan kan ò jáde.

"Mi ò mọ̀, Mama. Ó lè jẹ́ oúnjẹ ló jẹ."

"Tó ò bá mọ̀, dá a padà."

Mo rì í bọ omi, mo ṣí ọwọ́, ó sì lọ. Mama Flatbush tẹ̀ síwájú, wọ́n ti ọwọ́ tiwọn náà bọ omi níbi tí ẹja ti lọ, wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n ń sunkún ẹ̀gbọ́n wọn. Mo gbé àjẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè sun ún tẹ́rùn. Èmi náà sun tèmi.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fi etí àǹkárá nu ojú, wọ́n tún wíìgì wọn ṣe. "Ta ló máa gba ọkọ̀ yìí?"

"Ó rẹ̀ mí, Mama."

"Mo mọ̀. Ó rẹ èmi náà. Ṣé ó ti sú ẹ?"

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Àjẹ̀ ti bó awọ rẹ̀. Òórùn ẹja wà lára rẹ̀.

"Kò tíì sú mi."

"Ó dáa," ni Mama Flatbush wí. "Ìwọ á máa wà á, èmi á máa yẹ ikùn wọn wò."